Ọdún 6 ni mi ò ti fi páráṣúùtì fò láti inú bàlúù, rígì mi (ẹrù ẹ̀yìn tí páráṣúùtì wà nínú ẹ̀) ṣì wà nínú wọ́dírọ́òbù: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àwòdì Katy
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín tipẹ́, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ la ẹnu. Mo máa ń fò ní ìtòsí Houston níbí láàárín 2016 sí 2019, B license (ìpele kejì nínú mẹ́rin, A sí D) ni mo ní, ìgbà 94 tí mo fò ló wà nínú lọ́gíbúùkù mi. Lẹ́yìn ìyẹn ọmọ dé, Kòrónà dé, iṣẹ́ yí padà, a kó lọ sí Katy, mi ò sọ fún ẹnì kankan pé mo ti jáwọ́ o, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọdún 6 mọ́ mi lọ́wọ́. Sátidé tó kọjá mo ń wá àpótí kan nínú wọ́dírọ́òbù ni rígì mi bá yọjú, màámi tí wọ́n wá kí wa láti Abẹ́òkúta wò ó títí, wọ́n ní "agboòrùn tí ò ṣeé lò nínú òjò yìí, ṣé o ò tíì tà á ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọkàn mi ti gòkè lọ sí 13,000 fíìtì.

Èmi fúnra mi ni mo di kánọ́pì (aṣọ páráṣúùtì) ńlá yẹn kẹ́yìn ní 2019. Lánàá mo tú u sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ pé kí n tún un dì, wákàtí méjì gbáko, aṣọ yẹn ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀, kò wọ báàgì. Ìṣẹ́jú 12 ni mo máa ń fi dì í tẹ́lẹ̀! Ìbéèrè mi ni pé tí mo bá rí i dì, ṣé mo lè kàn gbé e kọ́ ẹ̀yìn kí n lọ fò ní Sátidé tó ń bọ̀?

Ìyá Ìbejì Pearland
Sátidé wo? Bọ̀dá, ẹ fara balẹ̀ o.

Ohun tí USPA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò ní Amẹ́ríkà) sọ ni pé ẹni tó ní A license tí ò bá fò fún 60 ọjọ́, ẹni tó ní B tí ò bá fò fún 90 ọjọ́, C àti D tí wọn ò bá fò fún oṣù 6, kí wọ́n kọ́kọ́ fò lábẹ́ ojú tíṣà tó ní rating (ìwé àṣẹ ìkọ́ni) kí wọ́n tó máa bá ẹgbẹ́ fò. Ìyẹn 90 ọjọ́ o, ẹ̀yin ń sọ ọdún 6. Ibi tó pọ̀ jù ni wọ́n ti máa ní kẹ́ ẹ wá jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ má bínú sí wọn, ẹ kàn jókòó. License yín ò kú, àmọ́ tẹ́ ẹ ò bá ti san owó ọmọ ẹgbẹ́ USPA, kò ṣiṣẹ́, ẹ lọ sanwó yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní.

Kẹ́ ẹ tó lọ ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́. Mo mọ ẹnì kan tó ní "ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo fò kẹ́yìn", ọdún mẹ́rin ló pè ní ọjọ́ mẹ́ta kan. Orí bàlúù ni òótọ́ ti jáde, ojú ẹ̀ ti funfun, kò bẹ́ mọ́, ó jókòó ti pilot wálẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dáa jù nínú gbogbo ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà.

Baba Rigger
Àbúrò, kú ìpadàbọ̀. Fi èyí tó ò ń bá jà lórí kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ná, rìsáfù, kánọ́pì kejì tá a fi ń gba ara wa là, ni kó o kọ́kọ́ bi mí. Òfin FAA (àjọ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà) ni pé kí rigger (ẹni tó ń di páráṣúùtì tó sì ń tún un ṣe) tó ní ìwé ẹ̀rí ti tú rìsáfù, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì ti dì í padà láàárín ọjọ́ 180 kó o tó gbé e fò. Nígbà kan ọjọ́ 120 ni, ìparí 2008 ni wọ́n yí i padà. Tìẹ ti lé ní ọjọ́ 2,000. Kánọ́pì ńlá náà ní ọjọ́ 180 tiẹ̀, àmọ́ ìyẹn, ìwọ tó o fẹ́ fi fò lè dì í fúnra ẹ. Rìsáfù ńkọ́? Má fọwọ́ kan èdìdì ẹ̀.

AAD kàn, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣí rìsáfù fúnra ẹ̀ tí ẹni tó ń fò ò bá rí i ṣe. AAD ní ọjọ́ ìbí, ó sì ní ọjọ́ ikú, wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lára ẹ̀. Tó bá jẹ́ Cypres, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tó o bá dé nǹkan bí 750 fíìtì tó sì rí i pé o ṣì ń já bọ́ ju máìlì 78 ní wákàtí kan lọ, á gé lúùpù rìsáfù, okùn kékeré tó pa á dé, fún ẹ. Helmut Cloth ará Jámánì ló gbé e jáde ní 1991. Èmi ti ń fò kó tó dé, a máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó bá gbé "ẹ̀rọ" dání nígbà yẹn. Àwọn kan tá a jọ ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ò sí mọ́.

Àwọn nǹkan kéékèèké tí ọdún máa ń jẹ: rọ́bà ti gbẹ, gbogbo ẹ̀ ni kó o jù nù. Lúùpù tó ń pa rígì dé, ṣe tuntun, kì í tó ínṣì mélòó kan, owó ẹ̀ ò tó ra súyà, àmọ́ tó bá ti dẹ̀ jù, píìnì tó gba inú ẹ̀ lè bọ́ nígbà tó o bá ń jáde ní ẹnu ọ̀nà bàlúù, kánọ́pì á wá là lára ìrù bàlúù, kì í ṣe ìwọ nìkan ni wàhálà yẹn máa bá. Àpò pilot chute (páráṣúùtì kékeré tá a máa ń jù kó fa kánọ́pì ńlá jáde) tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, fà á wò, tó bá ti rọ bí ẹnu ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, kó o pààrọ̀ ẹ̀. Òrùka mẹ́ta tó wà léjìká, èyí tí Bill Booth ṣe láàárín àwọn ọdún 1970, tú u, fi ọwọ́ ra bẹ́líìtì ẹ̀ kó rọ̀, nu wáyà hándùlù pupa tá a fi ń gé kánọ́pì ńlá dànù mọ́, torí ohun tó bá jókòó lójú kan fún ọdún 6 máa ń gan. Bí èèyàn náà ni.

Ó tún ku okùn. Tí okùn ẹ bá jẹ́ Spectra, ooru slider (aṣọ onígun mẹ́rin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lára okùn bí kánọ́pì ṣe ń là) tó ń fi ara ra á ló máa ń jẹ́ kó sún kì, okùn ẹ̀gbẹ́ àti okùn bíréèkì ló sì máa ń sún kì jù. Kánọ́pì á máa là lódìlódì, á máa gbá ẹ, wàá rò pé ìwọ lo ò mọ̀ ọ́n dì. Vectran kì í sún kì, bíbó ló máa ń bó, oòrùn sì máa ń jẹ ẹ́. Rigger tó mọṣẹ́ á wọ̀n ọ́n.

Ibo lo tọ́jú ẹ̀ sí? Wọ́dírọ́òbù inú ilé dáa. Ká ní gáréèjì ni, nínú ooru Texas yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì mọ́tò, ọ̀rọ̀ mi ò bá máa gùn tó báyìí, mi ò bá kàn ní kó o fi gé bẹ́líìtì ajá.

Àwòdì Katy
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Inú ilé ló wà o, nínú báàgì ẹ̀. Mo ti wo AAD, 2010 ló wà lára ẹ̀. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Spectra sì ni okùn ẹ̀. Owó ti ń pọ̀ báyìí, ìyàwó mi ò sì tíì gbọ́ sí gbogbo eléyìí, màámi nìkan ló mọ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbààwẹ̀.

Baba Rigger
2010 ti dágbére. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, Houston náà ni mo wà.

Ẹyẹ Òwúrọ̀
Ọ̀rọ̀ tẹ́nì kankan ò tíì bi bọ̀dá wa: ẹ ti wọ̀n tó báyìí? Ẹ má bínú o, gbogbo wa la jọ ń jẹyán.

Àwòdì Katy
Nígbà yẹn tí mo bá gbé gbogbo ẹrù wọ̀, 195 pọ́n-ùn. Mo gun ìwọ̀n láàárọ̀ yìí pẹ̀lú rígì lẹ́yìn, 230. Kánọ́pì 190 (fíìtì onígun mẹ́rin) ni.

Ẹyẹ Òwúrọ̀
Ẹ rí i báyìí. 195 lórí 190, ìyẹn jẹ́ 1.03 pọ́n-ùn lórí fíìtì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. 230 lórí 190, ó ti di 1.21. Kánọ́pì kan náà ni, àwọ̀ kan náà, àmọ́ á yára ju bẹ́ ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ, tẹ́ ẹ bá fà á sí ọ̀tún á yára sọ̀ kalẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá sì máa fa bíréèkì wálẹ̀ láti bà, ojú yín á máa sọ pé "kò tíì tó" nígbà tí ilẹ̀ ti dé. Ọdún 6 láìfò pẹ̀lú kánọ́pì tó ti di kánọ́pì ẹlòmíì, ìyẹn kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ háyà 230 tàbí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn èèyàn máa ń fi ojú tẹ́ńbẹ́lú kánọ́pì ńlá pé ti ọmọléèwé ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò yín, ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn wọlé.

Packer Ọmọ Ìbàdàn
Bọ̀dá Katy, ẹ má jẹ́ kí ìdìpọ̀ yẹn dùn yín. Orí yín ò gbàgbé, ọwọ́ yín ló gbàgbé, ọwọ́ sì máa ń rántí tẹ́ ẹ bá ń ṣe é ṣáá. Iṣẹ́ yìí ni mo fi san apá kan owó iléèwé mi, mo ti dì débi pé mo máa ń dì lójú oorun. Bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn tó bá padà dé rèé, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwé kánọ́pì yín ló ni ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn.

Bíréèkì lẹ máa kọ́kọ́ dá sí. Ẹ fa toggle (ibi tá a ń di mú láti fa bíréèkì) wálẹ̀ títí ojú inú okùn yẹn á fi kọjá òrùka, ẹ ti imú toggle bọ inú ojú yẹn, ẹ ká èyí tó kù síbi tí wọ́n ṣe fún un. Ọ̀tún bẹ́ẹ̀, òsì bẹ́ẹ̀. Tí ọ̀kan bá bọ́ nígbà tí kánọ́pì ń là, á máa yí yín bí òkòtó. Lẹ́yìn náà pilot chute: ẹ fa okùn àárín ẹ̀ títí á fi tán, kẹ́ ẹ wá wo fèrèsé kékeré tó wà lára bridle (okùn tó so pilot chute mọ́ kánọ́pì), àwọ̀ tí wọ́n kùn sára okùn yẹn gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀. Mo tún máa ń wò ó nígbà tí mo bá fẹ́ pa rígì dé. Lẹ́ẹ̀mejì, lójoojúmọ́, torí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ara mi.

Ẹ wá fi ìka sáàárín okùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rígì, ẹ máa rìn lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé wọn ò gba àárín ara wọn kọjá. Ẹ gbé e lé èjìká. Ẹ ka àwọn yàrá imú, 9 ni tiyín, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sáàárín orúnkún, ẹ fún un mọ́lẹ̀. Ẹ to aṣọ tó wà láàárín okùn A àti B síta, B àti C, C àti D, kí gbogbo okùn máa wà láàárín gbùngbùn, kí aṣọ wà lẹ́yìn òde. Okùn láàárín, aṣọ lóde, tẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù ẹ má gbàgbé èyí. Slider wá gòkè títí á fi kan ibi tí wọ́n ní kó dúró, ẹ pín in sí igun mẹ́rin kó jókòó dáadáa. Òun ló ń dá kánọ́pì dúró kó má là lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ínṣì mélòó kan nígbà tẹ́ ẹ̀ ń gbé e sílẹ̀, ọrùn yín ló máa san gbèsè ẹ̀.

Ẹ fa àárín ìrù sókè, ẹ fi wé gbogbo ẹ̀ yíká, ẹ ká etí méjèèjì pọ̀ bí ẹni ká ẹní. Ibi tẹ́ ẹ ti ń jà ló kù yìí. Ẹ gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ẹ má jẹ́ kí ọwọ́ kúrò lára ìrù tẹ́ ẹ ká, ẹ fi àyà àti orúnkún lé afẹ́fẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ láti ibi okùn lọ sí orí, ẹ dùbúlẹ̀ lé e tẹ́ ẹ bá fẹ́, kò sẹ́ni tó ń lé yín. Kánjúkánjú ni gbogbo èèyàn máa ń bá a jà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kàn máa ń sá láti apá kan bọ́ sí apá kejì. Tó bá ti tẹ́, ẹ ṣẹ́ ẹ bí lẹ́tà S, ẹ wá fi báàgì bò ó bí ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń wọṣọ fún ìrọ̀rí, ẹ má fi kánọ́pì bọ báàgì, báàgì lẹ máa fi bọ kánọ́pì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn rọ́bà tó ń ti ẹnu báàgì gbọ́dọ̀ le dáadáa, àwọn tó kù náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ̀. Okùn tó bá dẹ̀ jù máa ń tètè tú jáde kí báàgì tó kúrò, ìyẹn sì ni kánọ́pì tó ń gbá èèyàn. Tó bá ku ínṣì 18 sí 24, ẹ fi í sílẹ̀ láìká, kí báàgì lè yí kúrò nínú rígì láìfa yín.

Sísí Lẹkki
Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka gbogbo èyí láti Èkó níbi tí mi ò tíì fò rí, rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ṣé kò ṣeé lò ni?

Packer Ọmọ Ìbàdàn
Àǹtí, rárá o 😂 àwọn tí wọ́n ṣe fún un wà, ó ní ńlá ó ní kékeré, wọ́n ṣe é kó lè já nígbà tó bá yẹ kó já. Èyí tó bá le jù tó kọ̀ tí ò já, báàgì ò ní ṣí.

Ọmọ Ẹ̀gbá Dallas
Lórí ọ̀rọ̀ pilot chute tí packer sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo dá dúró fún ọdún kan àbọ̀, mo padà, mo fò mẹ́rin láìsí wàhálà kankan, ìyẹn ló gbé mi lórí. Ìkarùn-ún, a wà nídìí rígì à ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ẹnì kan bi mí ní nǹkan, mo dáhùn, mo padà sídìí iṣẹ́, mo pa rígì dé. Mi ò fa okùn àárín pilot chute yẹn. 

Mo dé 4,500, mo na ọwọ́ sẹ́yìn, mo jù ú. Tẹ́lẹ̀, kó tó di pé mo ka mẹ́ta, ó ti máa ń fà mí dìde. Mo ka mẹ́ta. Mo ka mẹ́rin. Ìdákẹ́jẹ́ nìkan, àti afẹ́fẹ́. Mo wo ẹ̀yìn léjìká mi, pilot chute rèé, ó rọ bí ìrẹ̀ké tí wọ́n ti mu tán, ó ń ju ara ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì lẹ́yìn mi, píìnì ò kúrò. Mo fa rìsáfù. Ó là. Ẹ ò lè mọ bí àwọ̀ rìsáfù ṣe máa ń rẹwà tó. Ìgbà tí mo balẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìyàwó mi rò pé òtútù ló mú mi.

Láti ọjọ́ náà, tí ẹnì kan bá bá mi sọ̀rọ̀ nídìí ìdìpọ̀, mo máa tú gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ mí sí i, wọn kì í kí mi mọ́ tí wọ́n bá rí mi lórí ìkúnlẹ̀.

Ìjẹ̀bú London
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò fa hándùlù pupa kẹ́ ẹ tó fa rìsáfù ni? Níbi tí wọ́n ti kọ́ mi, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gé kánọ́pì ńlá dànù, torí ó lè pinnu láti jáde nígbà tí rìsáfù ti là, ẹ máa wá ní méjì lórí.

Ọmọ Ẹ̀gbá Dallas
Àbúrò, wọ́n kọ́ èmi ní tààrà sí rìsáfù, torí ìṣẹ́jú-àáyá ò sí láti fi ṣòfò.

Ìjẹ̀bú London
Àmọ́ tó bá jáde ńkọ́?

Baba Rigger
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ sinmi. Ọ̀nà méjèèjì ló wà, àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ju gbogbo wa lọ ti ń bá ara wọn jiyàn lé e lórí láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́. Ohun tí ò dáa ni kéèyàn máa pinnu ẹ̀ ní 3,000 fíìtì. Àwòdì, béèrè lọ́wọ́ tíṣà tó máa gbé ẹ fò, ohun tó bá sọ fún rígì tó o gbé, ìyẹn ni kó o ṣe, kó o ti pinnu ẹ̀ lórí ilẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ rẹ ò lè fa pilot chute kúrò nínú àpò rárá, ẹ̀ẹ̀mejì péré lo gbọ́dọ̀ gbìyànjú, ó ti tó, rìsáfù.

Ìwọ Ìjẹ̀bú, ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún ìlànà British Skydiving lẹ̀ ń tẹ̀ lé, àwọn tó wà ní UK tó ń ka èyí, ẹ má fi ọjọ́ USPA ṣírò tiyín, chief instructor ibi tẹ́ ẹ ti ń fò ni kẹ́ ẹ bi.

Ìjẹ̀bú London
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Kí n fi kan kún un fún bọ̀dá Katy: ẹ kọ́kọ́ lọ sí tunnel, ilé tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èèyàn léfòó bí ẹni tó ń já bọ́. Ìṣẹ́jú kan nínú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fífò kan láti 13,000 sí ibi tẹ́ ẹ ti máa fà. Mo lo ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí mo dá dúró ọdún méjì, ìdí mi tó gòkè bí ti ewúrẹ́ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ti wálẹ̀ ní ìkẹta. Àmọ́ kò kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì Pearland
Ìyẹn gan-an. Tunnel ò ní kánọ́pì, kò ní hándùlù. Àwọn tó ń kú nínú eré yìí, ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé kánọ́pì tó là dáadáa ló wà lórí wọn, bí wọ́n ṣe balẹ̀ ló pa wọ́n. Bọ̀dá, tíyàwó yín bá bi yín, ẹ má purọ́ fún un. Ní 2023 èèyàn 10 ló kú ní Amẹ́ríkà nínú mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé tí wọ́n fò, ẹ sọ èyí fún un, ẹ sì sọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe kẹ́ ẹ má bàa jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sàn ju kó rí fọ́tò lórí Facebook ọ̀rẹ́ yín lọ.

Lọ́jọ́ kíláàsì, ẹ ní kí wọ́n gbé yín kọ́ sínú harness (bẹ́líìtì rígì), kí wọ́n máa pariwo wàhálà oríṣiríṣi sí yín lójijì. Hándùlù pupa lọ́tùn-ún, sílífà ti rìsáfù lósì: ẹ wò ó, ẹ di í mú, ẹ fà á tán. B license ni yín, 1,800 fíìtì ni USPA fi ṣe ààlà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti pinnu bóyá ẹ máa lọ sí rìsáfù, àmọ́ fún ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹ lo 2,500 bíi ti ọmọléèwé. Ẹ tètè fà, kí 5,000 má kọjá yín, kẹ́ ẹ lè ní ààyè láti fi bíréèkì ṣeré lókè kẹ́ ẹ tó sún mọ́lẹ̀. Tí atẹ́gùn bá ti ju máìlì 14 lọ, ẹ jókòó kẹ́ ẹ mu kóòkì, ìyẹn ààlà ọmọléèwé, ẹ sì ti di ọmọléèwé padà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣe four-way (kí ẹni mẹ́rin jọ fò papọ̀) o, bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ yín tó.

Àwòdì Katy
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà mí. Mo ti padà dé.

Mo sanwó USPA, mo pe dropzone (ibi tá a ti ń fò), mo sọ òótọ́, obìnrin tó gbé fóònù ní "ọdún 6? káàbọ̀ sílé", kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ Fráídè ni kíláàsì, èmi àti àwọn ọmọ méjì tí mo lè bí. Wọ́n gbé mi kọ́, mo ń ronú pé ìwọ̀nyí náà mo mọ̀ ọ́n, tíṣà bá pariwo "báàgì ò ṣí!" Mo wò ó lójú. Mo kàn wò ó lójú ni. Ó ka ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin kí ọwọ́ mi tó rìn, ó ní "o ti jẹ 700 fíìtì tán nìyẹn." Ẹnu mi mọ̀ ọ́n, mo lè kà á fún un bíi kátíkísìmù, àmọ́ ọwọ́ mi ò sí nílé. A ṣe é bí ogún ìgbà, títí òógùn fi ń kán sínú bàtà mi.

Sátidé, mo háyà rígì pẹ̀lú kánọ́pì 230. Èmi fúnra mi ni mo dì í, packer ibẹ̀ dúró tì mí, ìṣẹ́jú 35. Mo fi báàgì bọ kánọ́pì bí Ọmọ Ìbàdàn ṣe wí, ó wọ̀ ó! Mo wo fèrèsé pilot chute lẹ́ẹ̀mẹrin, ọkùnrin náà ní ṣé mò ń retí kí ó yí àwọ̀ padà ni.

Lẹ́nu ọ̀nà bàlúù, ẹ̀rù bà mí ju ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi lọ, torí nígbà àkọ́kọ́ mi ò ní ọmọ. Tíṣà fò tẹ̀ lé mi. Mo wo altimeter (aago tó ń sọ bí mo ṣe ga tó) léraléra bí ẹni tó ń retí tasí. 5,500, mo jù ú, mo ka, ó fà mí dìde, mo wo òkè: okùn ti lọ́ mọ́ra ní ìlọ́po kan àbọ̀. Mo ti ń gbọ́ ohùn tíṣà, mo ya riser (bẹ́líìtì tó so okùn mọ́ èjìká rígì) síta, mo ta ẹsẹ̀, ó tú ní nǹkan bí 4,600. Slider náà fara balẹ̀ sọ̀ wálẹ̀. Mo fi bíréèkì ṣeré títí 2,500, 1,000 mo wọ ìlà, 600 mo yí, 300 mo kọjú sí atẹ́gùn, mo fa bíréèkì díẹ̀ ṣáájú àkókò, mo fi ìdí balẹ̀, mo fi wọ́ koríko bí ọmọ tó ń ra. Kò dun ibì kankan àfi ògo mi. Mo tún fò lẹ́ẹ̀mejì sí i ní Sọ́ńdè, ìkẹta mo fi ẹsẹ̀ dúró.

Mo sọ fún ìyàwó mi kí n tó lọ. Ó tẹ̀ lé mi, kò bá mi sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò ní àlọ. Ní àbọ̀, ó ní kí n sọ iye tí kánọ́pì ńlá yẹn ń jẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á, torí kò wù ú kí n padà sí 190. Màámi pè láti ilé: "ṣé agboòrùn náà là?" Mo ní ó là. Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún ìyàwó mi kó tún un sọ.

Ẹyẹ Òwúrọ̀
Ìlọ́po kan àbọ̀ yẹn, ẹ wo bí bridle àti báàgì ṣe jókòó nígbà tẹ́ ẹ pa á dé, àti bóyá èjìká yín dọ́gba nígbà tẹ́ ẹ jù ú. Tí èjìká kan bá wálẹ̀ ju ìkejì lọ, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwòdì Katy
Tíṣà náà sọ bẹ́ẹ̀, èjìká òsì. Ó wà nínú fídíò.

Baba Rigger
Àwòdì, mo ti wọn okùn kánọ́pì 190 rẹ. Okùn bíréèkì ọ̀tún fi ínṣì mẹ́ta kúrú, ti òsì fi méjì àti ààbọ̀. Mi ò ní dì í fún ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀. Tó o bá fẹ́ tà á, kó o kọ́kọ́ pààrọ̀ okùn, tí ìyàwó rẹ bá sì gbà kó o máa lò ó lẹ́yìn tó o bá ti dín ara kù, pààrọ̀ okùn náà ni. Rìsáfù dáa, kò ní àbààwọ́n kankan. Wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè lẹ́yìn aago mẹ́fà, àwọn rọ́bà tuntun ti wà lórí tábìlì.